Pẹ́nì Kan Lọ́sẹ̀: John Wesley àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Rẹ̀

Kíkà Bíbélì: Ẹ́kísódù 18:13-26, Róòmù 16:1-16

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó lọ jìnnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ènìyàn mélòó ló gba fọ́ọ̀mù òṣìṣẹ́ nínú ìjọ yín? Mélòó nínú wọn ló ṣì ń wá sí ìpàdé òṣìṣẹ́? Ọ̀pọ̀ ìjọ ló jẹ́ pé ní oṣù kìíní, àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ Olúwa á kún iwájú pẹpẹ bámúbámú. Nígbà tí yóò bá fi di oṣù kẹfà, olórí ẹ̀ka àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń to àga láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Pásítọ̀ á wá bínú lórí pẹpẹ, á ní àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn Ọlọ́run mọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a wo ìgbésí ayé ọkùnrin kan tó ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 1791, kí a lè rí i pé nígbà mìíràn, kì í ṣe ìfẹ́ Ọlọ́run ló tán lọ́kàn òṣìṣẹ́. Àmójútó ni kò rí.

Ọkùnrin náà ni John Wesley. Wọ́n bí i ní oṣù kẹfà ọdún 1703 ní Epworth, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀. Susanna ìyá rẹ̀ bí ọmọ mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kú ní kékeré. Nígbà tí John kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà, iná jó ilé wọn lóru, ojú fèrèsé ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde. Ó lọ sí yunifásítì Oxford, ó di àlùfáà. Níbẹ̀ ni òun àti Charles àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ díẹ̀ ti ń pàdé láti gbàdúrà, láti ka Bíbélì, àti láti máa bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n pè wọ́n ní Methodist, nítorí pé gbogbo nǹkan wọn ló ní ètò, tó sì ní àkókò. Àwọn bàbá wa gbọ́ orúkọ yẹn yé dáadáa nígbà tí wọ́n pe ìjọ náà ní Ìjọ Elétò.

Ní ọdún 1735, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Georgia ní Amẹ́ríkà láti ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò yọrí sí rere. Ó le mọ́ àwọn ọmọ ìjọ jù, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní òpin ọdún 1737. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tí a fẹ́ kọ́ ọgbọ́n ìdarí lára rẹ̀ yìí, a kò bí ọgbọ́n náà mọ́ ọn. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 1738, nínú ìpàdé kékeré kan ní òpópónà Aldersgate ní Lọ́ńdọ̀nù, ìdánilójú ìgbàlà wọ inú ọkàn rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ ìtàn yẹn rí, nítorí náà n kò ní dúró pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìgbà náà ni a kì í sábà gbọ́.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1739, George Whitefield ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fà á wọ iṣẹ́ ìwàásù ìta gbangba ní ìlú Bristol. Whitefield ló ní ohùn. Òun ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń tú jáde láti gbọ́. Bí ẹ bá wà ní Bristol lọ́dún yẹn, tí wọ́n ní kí ẹ mú ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò pẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì, Whitefield ni ẹ ó mú. Èmi náà ìbá mú un. Ṣùgbọ́n bí Whitefield bá ti wàásù tán, ìlú mìíràn ló kù. Wesley ní tirẹ̀ á kó àwọn tó gbàgbọ́ jọ, á pín wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, á sì yan ẹni tí yóò máa bojú tó wọn. Nígbà tí Wesley kú, àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bìrìtéènì ju 70,000 lọ, àwọn oníwàásù tó ń rìn káàkiri lábẹ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300.

Ta ló bá a ṣe é? Àwọn àlùfáà tó fẹ́ bá a dá sí i kò pọ̀; ọ̀pọ̀ wọn ti ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn wọn mọ́ ọn. Kò sì lówó tí yóò fi gba ènìyàn síṣẹ́. Àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni awakùsà, ahunṣọ, aránṣọ, mọlémọlé, àti àwọn obìnrin tó ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé olówó. Àwọn wọ̀nyí ló sọ di òṣìṣẹ́.

Èkíní tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Thomas Maxfield. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó yípadà ní Bristol ni. Wesley fi í sí Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé kan tí wọ́n ń pè ní Foundery, níbi tí wọ́n ti máa ń rọ àgbá ìbọn tẹ́lẹ̀ kí Wesley tó sọ ọ́ di ilé àdúrà. Iṣẹ́ tó gbé fún un kò ju pé kí ó máa bá àwọn ará gbàdúrà, kí ó sì máa gbà wọ́n níyànjú. Kò ní kó wàásù o. Láyé ìgbà náà, ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù kò bá gbé ọwọ́ lé lórí kò gbọ́dọ̀ wàásù, Wesley gan-an sì gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ìyànjú yẹn ni Maxfield ti bọ́ sínú ìwàásù, ìròyìn sì kan Wesley ní Bristol. Ó gbéra wá sí Lọ́ńdọ̀nù kíá pẹ̀lú ìbínú, láti pa iná náà kí ó tó ràn.

Susanna ìyá rẹ̀ ń gbé nínú ilé Foundery yẹn lọ́jọ́ ogbó rẹ̀. Ó rí i pé ojú ọmọ òun le koko. Màmá yìí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ ìwàásù àwọn aláìgbọwọ́lé máa ń dùn mọ́ nínú, ọmọ rẹ̀ sì mọ̀. Síbẹ̀ ó kìlọ̀ fún un pé kó rọra ṣe, pé Ọlọ́run ló pe ọmọkùnrin náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe pe òun náà. Ó ní kí ó kọ́kọ́ wo èso ìwàásù náà, kí ó sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ. Wesley jókòó, ó gbọ́ ọ. Ó gbà pé Olúwa ni. Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ti ṣí fún àwọn oníwàásù tí kì í ṣe àlùfáà.

Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó dáadáa. Wesley kò wá òṣìṣẹ́ yẹn kiri. Òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, olórí ló kù kí ó gbà. Nínú ìjọ yín náà, arábìnrin kan lè wà tí kò sí nínú ẹ̀ka kankan, ṣùgbọ́n òun ló máa ń rọra kó àwọn ọmọ aláriwo jáde nígbà ìwàásù, tí yóò fún wọn ní bisikíìtì, tí yóò sọ ìtàn Dáníẹ́lì fún wọn lábẹ́ igi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kéde láti orí pẹpẹ pé a ń wá olùkọ́ ọmọdé, kò sì jáde. Kò kúkú mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ìkéde kì í pe ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ẹ lọ bá a níbi tó jókòó sí, kí ẹ sọ ohun tí ẹ ti rí lọ́wọ́ rẹ̀ fún un.

Ìtàn kejì ni mo fẹ́ kí a jókòó tì, nítorí pé gbèsè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Wesley ti kọ́ ilé ìpàdé kan sí Bristol tí wọ́n ń pè ní New Room. Ilé náà wà títí dòní. Gbèsè ìkọ́lé wà lọ́rùn wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1742, àwọn aṣáájú kó ara wọn jọ láti wá ọ̀nà tí wọn yóò fi san án. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Foy, dábàá pé kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀. Pẹ́nì yẹn ni àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀ nígbà ayé òyìnbó. Ẹlòmíràn dìde, ó ní púpọ̀ nínú àwọn ará ló tálákà tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè rí pẹ́nì kan yẹn. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n Foy kò jókòó. Ó ní kí wọ́n fún òun ní mọ́kànlá nínú àwọn tó tálákà jù. Òun yóò máa dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá lè san, kó san. Ẹni tí kò bá lè san, òun yóò san án fún un. Ó wá ní kí àwọn yòókù náà mú ènìyàn mọ́kànlá mọ́kànlá ní àdúgbò wọn. Wọ́n gbà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń gba pẹ́nì yìí fi ń padà wá sọ́dọ̀ Wesley pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Èyí bá ọkọ kan tó ń mu ọtí àmupara. Òmíràn bá ilé kan tí tọkọtaya kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ojú Wesley là. Ó ti ń wá ọ̀nà tí yóò fi mọ ipò ọkàn àwọn ènìyàn tó ti pọ̀ ju èyí tí òun nìkan lè mọ̀ lọ, ọ̀nà náà sì ti wọlé wá láti inú gbèsè. Ó pe àwọn agbowó wọ̀nyí jọ, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má gba pẹ́nì nìkan mọ́. Kí wọ́n máa bi olúkúlùkù bí ọkàn rẹ̀ ti ń ṣe sí, kí wọ́n máa gbà á níyànjú, kí wọ́n máa tù ú nínú, kí wọ́n sì máa bá a wí bí ó bá yẹ. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ó dára kí àwọn méjìlá náà máa pàdé pọ̀ ní ojú kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe dá kíláàsì sílẹ̀ nìyẹn, tí ẹni tó ń gbowó sì di olórí kíláàsì.

Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ sí Badagry, ó gbé ètò Wesley wá sí ilẹ̀ wa. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà yín tó dàgbà nínú Ìjọ Elétò. Wọn yóò sọ fún yín nípa olórí kíláàsì àti tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì. Àwọn àwùjọ inú ilé tí a ń ṣe nínú àwọn ìjọ wa lónìí, tí àwọn kan rò pé Kòríà la ti kọ́ ọ, ẹbí ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Kí ló mú kí awakùsà tó ti ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ máa ṣe olórí kíláàsì fún ogún ọdún láìgba owó? N kò ní sọ pé ìfẹ́ Olúwa kọ́ ni. Òun ni ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Àwọn mọ́kànlá tí ó ń bójú tó, ó mọ orúkọ wọn, ó mọ ilé wọn. Kò sí ẹni tó gbé gbogbo ìjọ lé e lórí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí òjíṣẹ́ àti àwọn ìríjú, kí ó jíṣẹ́ fún wọn nípa ẹni tó ń ṣàìsàn àti ẹni tó ń ṣáko lọ, kí ó sì fi owó jíṣẹ́. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, Wesley fúnra rẹ̀ tàbí ẹni tó rán á wá sí kíláàsì náà, á bá olúkúlùkù sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ń rìn dáadáa á gba tíkẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, iṣẹ́ olórí kíláàsì kì í wọ inú òkùnkùn. Ẹnìkan ń retí ìròyìn rẹ̀. Bí ó bá ṣe dáadáa, wọ́n mọ̀. Bí ó bá ń rẹ̀ ẹ́, wọ́n á mọ̀ kí ó tó ṣubú.

Ẹ wá fi wé ti wa. A fún arákùnrin kan ní báàjì, a gbàdúrà lé e lórí, a ní ó ti di òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ wo? A kò sọ. Àwọn ta ni yóò bójú tó? A kò sọ. Ìgbà tó bá pẹ́ dé ìpàdé nìkan ni olórí ẹ̀ka máa ń pè é, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ló wà ní ọsibítù láti ọjọ́ mẹ́rin. Ní poli tí mo ti kàwé, wọ́n kọ́ wa pé kí a máa sọ iṣẹ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan fún un kedere kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ayé ni, àfi ìgbà tí mo bá a nínú Ẹ́kísódù, níbi tí Jẹ́tírò ti pín ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta àti mẹ́wàá fún Mósè.

Wesley kò dúró lórí kíláàsì. Àwọn aláìsàn pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìríjú kò sì lè kárí wọn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ. Nínú àwọn tó sọ pé àwọn fẹ́, ó yan mẹ́rìndínláàádọ́ta tó rí i pé wọ́n ní ojú àánú. Ó pín ìlú náà sí ọ̀nà mẹ́tàlélógún, ó fi ènìyàn méjì méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Òfin tó fún wọn kò ju mẹ́rin lọ: kí wọ́n sọ òtítọ́ nípa ọ̀rọ̀ ọkàn, kí wọ́n ní sùúrù àti ìwà pẹ̀lẹ́, kí wọ́n mọ́ tónítóní nínú gbogbo ohun tí wọ́n bá ń ṣe fún aláìsàn, kí wọ́n má sì kórìíra iṣẹ́ ìdọ̀tí. Ẹ rí i pé kò gba gbogbo àwọn tó nawọ́. Ó yàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó yàn mọ òpópónà tirẹ̀, ó mọ ẹni tí wọn yóò jọ lọ, ó sì mọ ọjọ́ tí wọn yóò lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwọn ìríjú tó ń tọ́jú owó. Ó ní bí wọn kò bá rí nǹkan fún tálákà tó wá tọrọ, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ bà á nínú jẹ́. Ìríjú tó bá rú òfin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọn yóò kìlọ̀ fún un kí wọ́n tó yọ ọ́. Àwọn kan nínú wa kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀kan. A óò kàn gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi pé ẹlòmíràn ti gba ipò wa.

Mo fẹ́ràn ìtàn John Nelson ju gbogbo rẹ̀ lọ. Agbẹ́kúta-mọlé ni, ará Birstall ní Yorkshire. Ó gbọ́ ìwàásù Wesley ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1739, ó padà sílé, àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, ibi tó ti ń dá wọn lóhùn ló ti di oníwàásù. Nígbà tí Wesley dé Birstall ní ọdún 1742, ó bá iṣẹ́ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1743, àwọn méjèèjì jọ lọ sí Cornwall. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orí ilẹ̀ lásán ni wọ́n ń sùn. Ẹ̀wù òtútù Nelson ni Wesley fi ṣe ìrọ̀rí, ìwé ńlá kan tó ń ṣàlàyé Májẹ̀mú Titun ni Nelson fi ṣe tirẹ̀. Ní aago mẹ́ta òru ọjọ́ kan, Wesley yí padà, ó rí i pé Nelson kò sùn, ó sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kó tújú ká, awọ ẹ̀gbẹ́ kan ló ṣì bó lára òun, ìkejì ṣì wà! Oúnjẹ kò rọrùn níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan lójú ọ̀nà, Wesley dá ẹṣin dúró kí wọ́n lè já èso igbó jẹ, ó sì ń dúpẹ́ pé èso náà pọ̀. Ọmọ Oxford ni o, tó ń jẹ èso ẹ̀bá ọ̀nà pẹ̀lú agbẹ́kúta.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n fi tipátipá mú Nelson wọ iṣẹ́ ọmọ ogun nítorí ìwàásù. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ìwàásù ló padà sí, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1774. Mo máa ń rò ó pé òru Cornwall yẹn wà lára ohun tó dá a dúró. Ìpàdé òṣìṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti dúró nínú òòrùn, tí olórí wà nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kò lè bí irú Nelson.

Kò tán síbẹ̀. Wesley kì í kàn lo ènìyàn, ó ń kọ́ wọn. Láti oṣù kẹfà ọdún 1744 ló ti ń pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ sí àpérò lọ́dọọdún. Mẹ́wàá péré ni wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú wọn kì í sì í ṣe àlùfáà. Ìbéèrè àti ìdáhùn ni wọ́n fi ń ṣe é, olúkúlùkù sì lè sọ tẹnu rẹ̀. Ó sọ fún àwọn oníwàásù rẹ̀ pé kí wọ́n máa pa àkókò mọ́, kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ burúkú gbọ́ nípa ẹnikẹ́ni láìrí i dájú, kí wọ́n má sì tijú àtilọ ṣẹ́gi tàbí pọn omi, tàbí àtinu bàtà ẹlòmíràn. Ó ní kí wọ́n máa kàwé fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ó sì ṣe ìwé àádọ́ta jáde fún wọn láàárín ọdún 1749 sí 1755. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ràn ìwé, kó kọ́ láti fẹ́ràn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó padà sídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó le o! Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í le bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹni tí kò níyì lójú rẹ̀.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ní ọdún 1761, Sarah Crosby lọ sí Derby láti ṣe kíláàsì. Nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn ló ń retí, àwọn tó dé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba. Kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde dúró, ó gba gbogbo wọn níyànjú, lẹ́yìn náà ló wá ń bẹ̀rù pé òun ti kọjá àyè òun. Ó kọ̀wé sí Wesley. Wesley dá a lóhùn pé kò tíì kọjá àyè rẹ̀, kí ó máa bá a lọ pẹ̀lú ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin tó sáré wá pa ìwàásù Maxfield lẹ́nu mọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn nìyẹn. Ó ti kọ́ nǹkan kan.

N kò ní tan yín, Wesley kì í ṣe áńgẹ́lì. Ó fẹ́yàwó ní ọdún 1751, ilé náà kò sì tòrò. Ìrìn àjò rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ìyàwó fi í sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà tí ó sì kú ní ọdún 1781, wọ́n ti sin ín kí ọkọ tó gbọ́. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka tí ẹ kì í sí nílé láti ọjọ́ Ajé dé Ajé, ẹ má ṣe kọ́ èyí lára rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ kan sì fi í sílẹ̀. Maxfield tí mo sọ ìtàn rẹ̀ yẹn wà nínú wọn. Ní ọdún 1763, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí sọ àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ tí ayé yóò parẹ́. Ìyapa bẹ́ sílẹ̀, Maxfield bá wọn lọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì sọ̀rọ̀ burúkú sí ẹni tó gbé e dìde. Ó dun Wesley. Síbẹ̀, ní àwọn ọdún ìkẹyìn Maxfield, nígbà tí ara rẹ̀ kò dá, Wesley lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì wàásù nínú ilé ìjọsìn tí Maxfield ti kọ́ fún ara rẹ̀. Ó ti tó ogún ọdún lẹ́yìn ìjà náà. Ṣé ẹ lè dárúkọ ẹni tó kúrò nínú ẹ̀ka yín pẹ̀lú ìbínú? Ìgbà wo ni ẹ bẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn?

Ìdààmú tó kẹ́yìn wá láti ọwọ́ Wesley gan-an. Àṣẹ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́ jù. Bí ó ti ń darúgbó, ó rí i pé bí òun bá kú, kò sẹ́ni tí òfin mọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú àwọn ilé ìjọsìn. Ní ọdún 1784, ó ṣe ìwé òfin kan, ó kọ orúkọ ọgọ́rùn-ún oníwàásù sínú rẹ̀ pé àwọn ni àpérò. Ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù rẹ̀ nígbà náà tó nǹkan bí 190. Àwọn tí kò bá orúkọ wọn níbẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Àwọn kan ti fi ẹsẹ̀ rìn nínú òjò àti yìnyín fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọ̀dọ́ kan wọlé, wọ́n wà níta. Àwọn kan bínú kúrò pátápátá.

Wesley mọ̀ pé ọgbẹ́ ti wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1785, ní ìlú Chester, ó kọ lẹ́tà kan tí wọn kò gbọ́dọ̀ kà títí òun yóò fi kú. Ó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 1791, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún. Nígbà tí àpérò pé ní Manchester nínú oṣù keje ọdún náà, Joseph Bradford, tó ti bá a rìnrìn àjò fún ọdún púpọ̀, mú lẹ́tà náà jáde. Nínú rẹ̀, bàbá arúgbó náà bẹ àwọn ọgọ́rùn-ún yẹn pé kí wọ́n má ṣe fi ìwé òfin náà gbé ara wọn ga ju àwọn arákùnrin wọn lọ. Ó ní kí wọ́n má ṣe ojúsàájú nígbà tí wọ́n bá ń yan ibi iṣẹ́ fún oníwàásù, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń mú ọmọ tí yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Kingswood, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìrànwọ́. Àwọn ọgọ́rùn-ún náà gbọ́ ọ. Wọ́n pinnu lójú ẹsẹ̀ pé gbogbo oníwàásù tó ti wọ inú ẹgbẹ́ pátápátá ni yóò ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn, yálà orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé òfin tàbí kò sí níbẹ̀.

Àdúrà: Kí ẹ tó dìde lórí eékún, ẹ dárúkọ òṣìṣẹ́ mẹ́ta nínú ìjọ yín níwájú Olúwa, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí ẹ kò tíì rí láti oṣù tó kọjá. Ẹ bẹ Olúwa fún ilé rẹ̀, fún ìlera rẹ̀, àti fún iṣẹ́ tó ń ṣe jẹun. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pè é lórí fóònù kí ilẹ̀ òní tó ṣú.